Bẹ́ńṣì Káfíńtà Tí A Ń Kàn Nílé, àti Ìdí Tí Kì Í Fi Í Yá

Ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó, ní Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, níbi tí gbọ̀ngán olópòó gìrìwò tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929 ti ń wo òrùlé páànù Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrunkà láti òkè wá, kì í ṣe ohun tuntun láti bá ẹnì kan pàdé nínú agboolé tí ó ní iṣẹ́ igi lọ́wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Olùkọ́ ni, tàbí akọ̀wé, tàbí awakọ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún àga ilé rẹ̀ ṣe, ó fẹ́ kan àpótí aṣọ fún ìyàwó rẹ̀, ohun tí ó sì kọ́kọ́ dáwọ́ lé ni bẹ́ńṣì tí yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́ náà lé lórí. Ẹ̀ẹ̀rùn kan lọ, òjò kan rọ̀ kọjá, bẹ́ńṣì kò parí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, pákó rẹ̀ wà lókè àjà, àwọn aráalé a sì máa bi í tẹ̀ríntẹ̀rín bóyá ààfin ni ó ń kàn. Òwe wa ní bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá ṣe tirẹ̀ tán, a ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Nínú ọ̀ràn bẹ́ńṣì, gbẹ́nugbẹ́nu kì í ní sùúrù dé ìgbà náà. Àwọn kan a ní ọ̀lẹ ni ọkùnrin náà, àwọn tí àánú rẹ̀ ń ṣe a ní owó ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n wọn kò kan gbòǹgbò. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé òǹkàwé ni pé bẹ́ńṣì káfíńtà tí a bá ṣe bí ó ti yẹ ní àkókò tirẹ̀, tí ó wà nínú ara igi àti nínú bí apá kan iṣẹ́ náà ti ń bí apá kejì, àkókò yìí kò sì ṣeé fi owó rà tán, bẹ́ẹ̀ ni agbára ọ̀dọ́ kò lè gé e kúrú tó bí ojú ti ń wò ó.

Ohun tí bẹ́ńṣì wà fún

Bẹ́ńṣì tí à ń sọ kì í ṣe èyí tí a ń jókòó lé níbi ìnáwó, kì í sì í ṣe tábìlì. Iṣẹ́ tábìlì ni kí ó gbé ẹrù dúró, láti òkè wá sí ilẹ̀ sì ni ìwúwo ẹrù ti ń wá. Ìhà mẹ́ta ni bẹ́ńṣì káfíńtà ti ń gba agbára: láti òkè nígbà tí a bá ń fi òòlù lu irin ìgbẹ́hò, láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí a bá ń fi ayùn rẹ́ igi, àti ní òró rẹ̀ nígbà tí a bá ń ti ìfági, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pílénì, láti ìpẹ̀kun pákó kan dé ìpẹ̀kun kejì. Èyí tí mo kà gbẹ̀yìn yìí ni ikú tábìlì. Ẹni tí ó bá ti ìfági lórí tábìlì ìjẹun fún ìwọ̀n wákàtí kan yóò rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ nínú agbára tí ó yẹ kí ó dé ẹnu irin ni ó bá tábìlì tí ń sá lọ.

Odó ni mo lè fi wé e. Odó tí ó fúyẹ́ a máa rìn kiri bí a bá ń gún iyán nínú rẹ̀, ẹni tí ń gún un a sì máa fi ẹsẹ̀ kan dì í mú, kò ní lè fi gbogbo ara gún un. Ìdí nìyí tí odó gidi fi ní ìdí gbàgàdà, tí ó sì wúwo ju ohun tí iṣu nìkan bèèrè lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwúwo bẹ́ńṣì ṣe jẹ́ apá kan iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó bá sì kà á sí ìfowóṣòfò kò tíì ti ìfági rí.

Yàtọ̀ sí pé kí ó dúró gbọn-in kí ojú rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ohun kẹta tí a ń fẹ́ lára bẹ́ńṣì, tí mo kà sí olórí wọn, ni pé kí ó di igi mú. Ọwọ́ káfíńtà méjèèjì ń bẹ lára irin iṣẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò wá di pákó mú? Ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ ni. Ó lè jókòó lé pákó náà, ó lè fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ó lè di orí rẹ̀ mú títí a ó fi rẹ́ ẹ tán, nítorí èyí ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì mìíràn fi lè fi bẹ́ńṣì hẹ́gẹhẹ̀gẹ ṣe iṣẹ́ tí ó dára. Ẹni tí ń dá ṣiṣẹ́ nílé ní alẹ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ka ìwé, kò ní ọmọ iṣẹ́. Bẹ́ńṣì rẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì di dandan kí tirẹ̀ dára ju ti oníṣọ́ọ̀bù lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òdìkejì èyí ni òótọ́.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Àwọn baba wa ti ń gbẹ́ igi láti ìgbà ìwáṣẹ̀ láìní bẹ́ńṣì, iṣẹ́ wọn sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri àgbáyé lónìí. Gbẹ́nàgbẹ́nà jókòó sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ di igi mú, ilẹ̀ tàbí ìtì igi mìíràn ni ó sì ń gba àáké rẹ̀ dúró. Fadá Kevin Carroll, tí ó wà nídìí ilé iṣẹ́ ọnà ti ìjọ Kátólíìkì ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti ọdún 1947, níbi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà bíi Bándélé ará Òsì àti Lámídì Fákẹ́yẹ ti ṣiṣẹ́, ṣe àlàyé ìpele mẹ́rin tí iṣẹ́ gbígbẹ́ ń gbà: ọ̀nà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a ti ń fi pákó kan mọ́ òmíràn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń mú kúrò lára igi kan ṣoṣo títí ère yóò fi yọ. Káfíńtà ń fi èyí kún èyí, bí etí pákó kan kò bá sì gún, kò lè pàdé etí èkejì. Ohun tí ó tẹ́ ni a fi ń wọn ohun tí a fẹ́ kí ó tẹ́. Níbi tí iṣẹ́ ti yàtọ̀ báyìí ni bẹ́ńṣì ti di ohun tí a kò lè ṣe aláìní; kì í ṣe pé ọgbọ́n àwọn ará ìṣáájú kù díẹ̀ káàtó.

Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tí wọ́n padà wálé sí Èkó wà lára àwọn tí ó mú iṣẹ́ káfíńtà gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn míṣọ́nnárì sì wà lára wọn pẹ̀lú. Nígbà tí míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ fìdí kalẹ̀ ní Kúdẹtì, tí kò jìnnà sí Mápó yìí, ní ọdún 1853, ilé tí wọ́n kọ́ fẹ́ ilẹ̀kùn, ó fẹ́ fèrèsé, ó fẹ́ àga ìjókòó fún ìjọ àti fún àwọn ọmọ iléèwé. Ní Abẹ́òkúta, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi owó olóògbé R. B. Blaize dá sílẹ̀ ní ọdún 1908 fi iṣẹ́ káfíńtà sí ara ohun tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn òyìnbó fúnra wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bẹ́ńṣì: àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní tiwọn, èyí tí ó kúrú tí ènìyàn lè jókòó lé, káfíńtà ará Faransé kan tí ń jẹ́ André Roubo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ńlá jáde ní Párísì ní ọdún 1769, nínú èyí tí ó ya àwòrán bẹ́ńṣì kan tí àwọn oníṣẹ́ ṣì ń wò ṣe tiwọn títí di òní. Ojú bẹ́ńṣì Roubo nípọn tó íǹṣì 5 sí 6. Àwa kò níláti ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Igi, níbi tí àkókò ń lọ

Ọjà pákó Bódìjà ni ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ń lọ bí wọ́n bá ń wá pákó, ibẹ̀ sì ni ìdádúró àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà wí pé igi tí ó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Ní ayé ìsinsìnyí, kì í pẹ́ ní ilé ìlagi náà, kì í sì í pẹ́ lọ́jà. Pákó tí a rà lónìí lè jẹ́ igi tí ó ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láìpẹ́ yìí, omi sì kún inú rẹ̀. Nínú igi tútù mìíràn, omi yìí lè tó ìdajì ìwúwo tí igi náà yóò ní nígbà tí ó bá gbẹ, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi náà ti ń jáde ni igi ń súnkì, kì í sì í súnkì bákan náà níhà gbogbo. Ní òró rẹ̀, kò tó nǹkan. Ní ìbú rẹ̀ ni ọ̀ràn wà: ìsúnkì tí ó bá tẹ̀lé òrùka tí ó yí ọkàn igi ká a máa tó ìlọ́po méjì èyí tí ó ti ọkàn igi bọ̀ sí èèpo. Nítorí èyí ni pákó tí ó tẹ́ lọ́jọ́ tí a rà á fi ń ká sókè létí lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tí ihò tí a gbẹ́ ṣe rẹ́gí fi ń di gbàgà, tí ẹni tí ó kan bẹ́ńṣì rẹ̀ parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan fi ń ní ohun kan tí ó ń mì kí ọdún tó yí po.

Ìlànà kan wà láàárín àwọn káfíńtà òyìnbó àtijọ́ pé kí igi gbẹ fún ọdún kan fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan tí ó nípọn. Oòrùn tiwa yá ju tiwọn lọ, a kò sì níláti dúró tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n igi oníǹṣì 3 kì í ṣe ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn kan ń gbẹ tán. Ọ̀nà tí a ń gbà gbẹ ẹ́ rọrùn, sùúrù nìkan ni ó ń gbà. A ó to pákó sábẹ́ òrùlé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí, a ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dọ́gba sáàárín ìpele kan àti èkejì kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, a ó sì fi ọ̀dà tàbí òróró kun ojú gígé rẹ̀ méjèèjì, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń sá jáde jù, ibẹ̀ náà sì ni ọyẹ́ ti ń la igi. Kí a má ṣe sá a sí gbangba oòrùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, kí ó mú ègé kékeré kan lára rẹ̀, kí ó máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ìwúwo rẹ̀ kò bá dínkù mọ́ ni igi náà wí pé òun ti ṣetán. Gbogbo ìgbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́, ohun tí aráalé ń rí ni pákó tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn.

Irú igi wo ni kí a lò? Ìrókò Olúwéré ni ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ sí, àwọn kan sì gbà pé bí kì í bá ṣe ìrókò, kì í ṣe bẹ́ńṣì. Ìrókò dára lóòótọ́: ikán kò fẹ́ràn rẹ̀, kì í sì í ṣe igi tí ń yí padà kiri. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ a máa yún ẹlòmíràn nímú àti lára, a sì máa bá òkúta funfun nínú rẹ̀ nígbà mìíràn tí ń ba ẹnu ayùn jẹ́. Apá tún wúwo jù ú lọ, kì í sì í ká, ṣùgbọ́n yóò bá apá ẹni tí ń fi ọwọ́ fá a jà gidigidi. Arère wà ní ìpẹ̀kun kejì: ó fúyẹ́, owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ìfági a sì máa yọ̀ lórí rẹ̀, àlébù rẹ̀ ni pé bí a bá kó o jọ gègèrè nígbà tí ó tutù, yóò yí àwọ̀ padà di búlúù, kòkòrò yóò sì lu ú. Kí òǹkàwé lè mọ bí ìyàtọ̀ wọn ti tó, ojú bẹ́ńṣì tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, tí ó sì nípọn ní íǹṣì 3, yóò tó nǹkan bíi kílò 55 bí a bá fi ìrókò ṣe é, kò sì ní lé ní 30 lọ títí bí ó bá jẹ́ arère. Èmi fara mọ́ ìdígbó, tí ó wà láàárín méjèèjì, tí kì í sì í súnkì púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi irin tútù lé e lórí, àmì dúdú ni yóò fi síbẹ̀.

Bẹ́ńṣì tí ń bí ara rẹ̀

Ìṣòro kejì ni pé ohun tí a nílò láti kan bẹ́ńṣì ni bẹ́ńṣì. Níbo ni a ó ti fá ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó ní ẹsẹ̀? Ọ̀nà àbáyọ ni kí a má ṣe ka bẹ́ńṣì sí ohun tí kò wúlò títí ó fi parí. A ó kọ́kọ́ fi ìṣó kan agà kúkúrú méjì pẹ̀lú tú-báì-fọ́ọ̀ lásán, a ó gbé pákó kan tí ó nípọn lé wọn, a ó sì kan igi pẹlẹbẹ kan mọ́ orí rẹ̀ tí yóò máa gba orí iṣẹ́ dúró bí a bá ń ti ìfági. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni a ó ti ṣe ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá dúró, a ó gbé pákó náà kúrò lórí agà sórí ẹsẹ̀ tuntun, orí rẹ̀ ni a ó sì ti ṣe ojú bẹ́ńṣì gidi. Ìpele kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbé èyí tí ó tẹ̀lé e dìde. Bí ènìyàn bá fo ọ̀kan, kò sí ohun tí yóò gbé iṣẹ́ èkejì lé.

Fún gíga rẹ̀, kí ẹni tí yóò lò ó dúró tààrà, kí ó jẹ́ kí apá rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Ibi tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bá dé ni ojú bẹ́ńṣì yóò dé, ó sì lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i bí ó bá jẹ́ pé ìfági ni yóò máa tì jù. Kò sí ìwọ̀n kan tí ó bá gbogbo ènìyàn mu, bẹ́ńṣì àyálò ẹni gíga a sì máa fi ẹ̀yìn dídùn san ẹni kúkúrú. Etí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ní láti dọ́gba pẹ̀lú etí ojú rẹ̀, kí a lè fi ilẹ̀kùn tàbí pákó gígùn ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a sì so ó mọ́ ẹsẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe, nítorí tábìlì ni wọ́n ń wò kọ́: ojú tábìlì a máa yọ síwájú ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìṣó ńkọ́? Ìṣó di nǹkan mú dáadáa bí ẹrù bá ń ti òkè wá nìkan. Bí a bá ń tì í lọ tí a ń fà á bọ̀, ihò rẹ̀ a máa fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ni a fi ń gbẹ́ ihò sí ara ẹsẹ̀, tí a sì ń gbẹ́ ahọ́n sí orí igi ìdábùú tí yóò wọ inú rẹ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ kan wà tí kò jẹ́ kí a nílò gọ́ọ̀mù níbẹ̀ rárá: a ó lu ihò èèkàn gba ara ẹsẹ̀, a ó lu ti ahọ́n kí ó súnmọ́ èjìká ahọ́n náà díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, nígbà tí a bá sì gbá èèkàn wọlé, yóò fa igi méjèèjì mọ́ra wọn pinpin. Ihò kan àti ahọ́n kan lè gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbẹ́. Mẹ́jọ ni bẹ́ńṣì tí ó kéré jù ń fẹ́, àwọn kan sì ń lò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú bẹ́ńṣì náà tún gba ìgbà tirẹ̀. Dípò kí a máa dúró de pákó oníǹṣì 3 kí ó gbẹ, a lè ra tú-báì-tíríì, tí ó ń yá gbẹ, kí a yí wọn ní ìbú kí a sì fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nítorí pé tú-báì-tíríì ọjà kì í pé íǹṣì 2 mọ́ lẹ́yìn tí a bá fá a, yóò gbà tó mẹ́rìnlá kí ó tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2, ojú méjèèjì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gbọ́dọ̀ tẹ́ kí gọ́ọ̀mù tó lè mú wọn. Ẹ̀rọ ìfági wà ní ọjà pákó tí ó lè fá gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, bí iná bá wà, n kò sì rí ìtìjú kankan nínú kí a sanwó fún un. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè yá ni lílẹ̀ rẹ̀. Kíláǹpù kì í pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nílé. Ó lè lo okùn àti èèkàn láti fún wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan tàbí méjì ni yóò lè lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti di ọ̀kan, a ó wá wò ó bóyá ó lọ́. Igi títọ́ méjì tí ó dọ́gba ni a fi ń ṣe èyí: a ó gbé ọ̀kan sí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan ojú bẹ́ńṣì, a ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó fi ojú kan wo orí ti iwájú mọ́ orí ti ẹ̀yìn, bí igun kan bá yọ sókè ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni ìfági yóò ti bẹ̀rẹ̀. A ó kọ́kọ́ fá a ní ìdábùú, kí a tó fá a ní òró. Ilẹ̀ agboolé àtijọ́ ní ìhà Mápó kì í sì í tẹ́, nítorí náà kí a fi òkúta pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ tí kò bá kanlẹ̀. Òkúta náà yóò jẹ́ kí ikán rìn jìnnà díẹ̀ kí ó tó dé ara igi, ọ́ìlì mọ́tò àlòkù tí a bá fi kun ìdí ẹsẹ̀ yóò sì tún lé e sẹ́yìn.

Ní ti dídi igi mú, fáìsì irin ni gbogbo ènìyàn ń rò, ọ̀pọ̀ a sì máa dúró di ìgbà tí owó fáìsì bá pé. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ, ọmọ Ògún lákáayé, lè fi ọ̀pá irin rọ ìkọ́ tí orí rẹ̀ tẹ̀. A ó lu ihò tí ó fẹ̀ ju ọ̀pá náà lọ ní ìwọ̀nba sí ojú bẹ́ńṣì, a ó ti ẹsẹ̀ ìkọ́ bọ inú rẹ̀ kí orí rẹ̀ lè tẹ iṣẹ́ mọ́lẹ̀, a ó sì fi òòlù lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pá náà yóò dagun díẹ̀ nínú ihò, yóò há, kò sì ní jẹ́ kí igi mira. Bí a bá lù ú lẹ́yìn, yóò tú. Ìkọ́ méjì àti èèkàn mẹ́rin tó fún iṣẹ́ àga àti àpótí.

Ohun kan kù tí kò lè ṣáájú àkókò rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ àkọ́kọ́ bá fẹ́ lu bẹ́ńṣì tí a ti kàn tán, ojú rẹ̀ yóò tún yí díẹ̀, bí ó ti wù kí igi rẹ̀ gbẹ tó. Nítorí náà kí a má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, bóòtù ni kí a fi dè é, kí ihò bóòtù náà sì gùn díẹ̀ ní ìhà ìbú rẹ̀ kí igi lè rí àyè súnkì. Ní oṣù kejì tàbí ìkẹta ọdún, kí a gbé igi títọ́ méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a fá ibi tí ó bá ga, kí a sì tún bóòtù rẹ̀ fún. Lẹ́yìn èyí ni fáìsì, bí owó rẹ̀ bá ti pé, lè wá wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá òsì. Bí kò bá tíì pé, àpótí aṣọ ìyàwó lè bẹ̀rẹ̀ láìsí i.